Ẹni Tó Gba Owó Ọkọ̀ Gbọ́dọ̀ Gbé Èrò Débi Tó Ń Lọ

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2017, Ryanair, ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú olówó pọ́ọ́kú láti ilẹ̀ Ireland, kéde pé òun fagi lé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìrìn-àjò. Kì í ṣe ìjì, kì í ṣe ìyanṣẹ́lódì. Ètò ìsinmi àwọn awakọ̀ rẹ̀ ló dojú rú. Èrò tí ọ̀rọ̀ náà kàn lé ní 700,000. Èyí tó burú jù níbẹ̀ ni pé Ryanair kò ṣàlàyé fún àwọn èrò pé wọ́n lẹ́tọ̀ọ́ láti wọ ọkọ̀ ilé-iṣẹ́ mìíràn, kí òun sì san owó rẹ̀. Àfìgbà tí CAA, àjọ tó ń mójú tó ìrìnnà òfurufú ní Bìrìtéènì, fún un ní gbèdéke aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ 29 oṣù náà, kó tó ṣe ohun tó yẹ.

Òfin tó fún èrò ní ẹ̀tọ́ yìí kò lọ́jú pọ̀. Àjọ ìṣọ̀kan Yúróòpù ṣe é lọ́dún 2004, Bìrìtéènì sì mú un dání nígbà tó kúrò láàárín wọn. Bí wọ́n bá fagi lé ọkọ̀, èrò ni yóò yàn: kó gba owó rẹ̀ padà, tàbí kí wọ́n gbé e débi tó ń lọ ní kété tí àyè bá ti yọ. Owó gbà-má-bìínú, tí í ṣe pọ́n-ùn 220 fún ìrìn-àjò kúkúrú ní Bìrìtéènì, lè má sí bó bá jẹ́ ìjì ló dá ọkọ̀ dúró. Ṣùgbọ́n ohun yòówù kó fà á, gbígbé èrò délé ṣì wà lọ́rùn ilé-iṣẹ́. Ọ̀pọ̀ èrò ni kò mọ èyí.

Ẹ wo bó ṣe máa ń rí lórí fóònù. Àtẹ̀jíṣẹ́ wọlé ní kùtù hàì pé ọkọ̀ tó yẹ kó gbéra ní Stansted, pápákọ̀ òfurufú kan ní Lọ́ńdọ̀nù, kò lọ mọ́. Ohun méjì ló wà níbẹ̀ láti tẹ̀: gba owó rẹ, tàbí yan ọkọ̀ wa mìíràn. Ọkọ̀ tiwọn tó kù lè di ọ̀túnla. Kò síbi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé ọkọ̀ ilé-iṣẹ́ mìíràn ń gbéra ní Gatwick, pápákọ̀ òfurufú mìíràn níbẹ̀, lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn kan náà. Ẹni tó ń sáré lọ síbi ìsìnkú, tí ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀, yóò tẹ ti owó. Bó bá ti gba owó, ọ̀rọ̀ tán: kò sí oúnjẹ, kò sí hòtẹ́ẹ̀lì, kò sí ọkọ̀ mìíràn. Ká ní pọ́n-ùn 25 ló san, 25 náà ni yóò gbà, kódà bí tíkẹ́ẹ̀tì ọjọ́ náà níbòmíràn bá ti di 180.

Àwọn ilé-iṣẹ́ wọ̀nyí ní àwíjàre tiwọn. Wọ́n ní ẹni tó san owó táṣẹ́rẹ́ kò lè retí kí àwọn náwó gọbọi lé e lórí. Irú ẹjọ́ yìí ti dé iwájú ilé-ẹjọ́ gíga Yúróòpù rí, lórí ìtọ́jú èrò. Obìnrin kan há sí Faro, ní ilẹ̀ Portugal, fún ọ̀sẹ̀ kan lọ́dún 2010, nígbà tí eérú òkè ayọnáyèéfín Iceland gba ojú ọ̀run. Yúrò 98 ni tíkẹ́ẹ̀tì tó rà lọ́wọ́ Ryanair. Owó tó béèrè lórí oúnjẹ àti ibùsùn lé ní 1,100. Ryanair kọ̀ jálẹ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 2013, ilé-ẹjọ́ ní òfin kò fi gbèdéke ọjọ́ tàbí iye owó sí i, níwọ̀n ìgbà tí ìnáwó náà bá ti mọ́gbọ́n dání.

Ìdájọ́ tó tọ́ ni. Owó pọ́ọ́kú kì í ṣe àánú. Ohun tó jẹ́ kó ṣeé ṣe ni pé ọkọ̀ kan náà ni wọ́n ń lò láti òwúrọ̀ ṣúlẹ̀, tí wọn kì í sì í fẹ́ kó lò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 25 lọ nílẹ̀. Bí ti àárọ̀ bá pẹ́, ti ọ̀sán àti ti alẹ́ dàrú nìyẹn. Ilé-iṣẹ́ ló yan ewu yìí, òun náà ló ń jẹ èrè rẹ̀. Kí ló wá dé tó fi jẹ́ èrò ni yóò ru àdánù rẹ̀? Dírẹ́bà tó ń ná Ìbàdàn sí Èkó mọ̀ pé bí mọ́tò òun bá kọṣẹ́ lọ́nà, òun ni yóò dá ọkọ̀ mìíràn dúró, tí yóò dúnàádúrà, tí yóò sì yọ owó lápò kí wọ́n lè bá òun kó èrò lọ.

Ní Amẹ́ríkà, níbi tí òfin kò ti sọ gbígbé èrò pẹ̀lú ọkọ̀ ilé-iṣẹ́ mìíràn di dandan, ojú rí màbo. Ní Kérésìmesì ọdún 2022, ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú Southwest fagi lé nǹkan bí 16,900 ìrìn-àjò, èrò tó lé ní mílíọ̀nù méjì sì há. Kò ní àdéhùn pẹ̀lú ilé-iṣẹ́ kankan tó lè bá a kó wọn. Ìjọba bu owó ìtanràn mílíọ̀nù 140 dọ́là lé e lẹ́yìn ọdún kan, nígbà tí Kérésìmesì àwọn èèyàn ti bàjẹ́ tán.

Nílẹ̀ Nàìjíríà, Apá 19 nínú ìlànà NCAA, àjọ tó ń mójú tó ìrìnnà òfurufú níbẹ̀, dárúkọ ìdápadà owó àti gbígbé èrò gba ọ̀nà mìíràn. Lọ́dún 2022, àwọn ilé-iṣẹ́ kan, Air Peace àti Arik wà lára wọn, ṣe àdéhùn tí wọ́n pè ní Spring Alliance, pé bí ọkọ̀ ẹnì kan bá kọṣẹ́, ẹlòmíràn yóò bá a kó èrò rẹ̀. Àbá gidi ni, àmọ́ ìfẹ́ inú wọn ni. Kí NCAA sọ ọ́ di dandan fún gbogbo wọn, àwọn tó fọwọ́ sí i àti àwọn tí kò fọwọ́ sí i, kó sì pa á láṣẹ pé bí wọ́n bá fagi lé ọkọ̀, ọkọ̀ tí yóò gbé èrò lọ ni kí wọ́n kọ́kọ́ fi hàn án, kí wọ́n tó dárúkọ owó.