Adúmáadán Kì í Ṣe Èédú

Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn ayàwòrán wa fẹ́ràn láti máa fi gba ara wọn sílẹ̀. Bí wọ́n bá gbé àwòrán dé, tí ojú ẹni tí wọ́n yà kò yàtọ̀ sí ìdí ìkòkò, wọn a ní, "Ẹ má bínú, àwọ̀ yín ló dúdú jù; fọ́tò kì í gba àwọ̀ dúdú." Mo ti gbọ́ ọ ní Bẹẹrẹ, mo ti gbọ́ ọ ní Ọjà-ọba. Ibi tí mo ti gbọ́ ọ kẹ́yìn ni Mápó, níwájú gbọ̀ngàn ńlá tí ìjọba amúnisìn kọ́ parí ní ọdún 1929. Irọ́ ni ọ̀rọ̀ náà. Irọ́ náà sì ń gba ohun kan lọ́wọ́ wa tí a kò ní rí gbà padà.

Ìgbéyàwó ni a wá ṣe ní ọjọ́ náà. Ìyá àgbà kan nínú ẹbí wa wọ léèsì funfun, ó we gèlè funfun, ó sì dúró lórí àtẹ̀gùn gbọ̀ngàn náà ní ọ̀sán gangan. Ayàwòrán wà nísàlẹ̀. Orí òkè ni Mápó wà. Ẹni tí ó bá ti ìsàlẹ̀ yàwòrán ẹni tó wà lókè, ojú ọ̀run ni yóò máa rí lẹ́yìn onítọ̀hún. Nígbà tí àwòrán dé, gbogbo iṣẹ́ ara léèsì ló yọ ketekete, àwọn òpó gbọ̀ngàn náà yọ, ṣùgbọ́n ojú ìyá kò yọ. Àbàjà tí a kọ sí i lẹ́rẹ̀kẹ́ láti kékeré, tí a fi ń dá a mọ̀ láti òkèèrè, ti wọ inú òkùnkùn lọ. A fẹjọ́ sùn. Ayàwòrán gbé e padà, ó fi kọ̀ǹpútà tan ìmọ́lẹ̀ sí i, ó sì mú ojú kan dé tó funfun bí ẹ̀kọ. Àbàjà kò sí nínú ìyẹn náà. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí ìyá fi ayé sílẹ̀. Ọ̀kan nínú àwòrán méjèèjì yìí ni a tẹ̀ sára ìwé ètò ìsìnkú rẹ̀, nítorí kò sí òmíràn.

Kí ni kámẹ́rà ń ṣe gan-an nígbà tí a bá gbé e sókè? Kò ríran o. Ìmọ́lẹ̀ ló ń gbà. Ohun mẹ́ta ni a fi ń díwọ̀n ìmọ́lẹ̀ tí yóò wọlé: bí ojú lẹ́ńsì ṣe là tó, bí ìlẹ̀kùn inú rẹ̀ ṣe pẹ́ tó ní ṣíṣí, àti bí fíìmù, tàbí ohun tó ti rọ́pò fíìmù lóde òní, ṣe tètè ń mọ ìmọ́lẹ̀ lára tó. Bí ìmọ́lẹ̀ bá kéré, àwòrán a ṣú. Bí ó bá pọ̀ jù, a funfun báláú. Láti mọ èyí tó yẹ, kámẹ́rà ní òṣùwọ̀n kan tí ń wọn ìmọ́lẹ̀ tó ń ta padà láti ara ohun tó wà níwájú rẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Òṣùwọ̀n náà ní ìpìlẹ̀ rẹ̀ kò mọ aṣọ yàtọ̀ sí ènìyàn, kò mọ ojú ọ̀run yàtọ̀ sí ògiri. Èrò kan ṣoṣo ni àwọn tó ṣe é fi sí i nínú: pé bí a bá po gbogbo ohun tó wà nínú àwòrán pọ̀, àwọ̀ eérú ni yóò jẹ́, eérú tó ń dá nǹkan bí 18 padà nínú 100 ìmọ́lẹ̀ tó bà lé e. Ohunkóhun tí a bá kọ ọ́ sí, eérú ni yóò fẹ́ sọ ọ́ dà.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò díẹ̀. Ká ní léèsì ìyá àti ojú ọ̀run tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ń dá 72 padà nínú 100, tí ojú ìyá fúnra rẹ̀ sì ń dá 9 padà. Ìlọ́po mẹ́rin 18 ni 72. Òṣùwọ̀n yóò gbà pé ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù ní ìlọ́po mẹ́rin, yóò sì dín in kù sí ìdá kan nínú mẹ́rin. Léèsì yóò di eérú. 9 tó jẹ́ ti ojú ìyá yóò sì di 2 àti díẹ̀. Ìyẹn kì í ṣe àwọ̀ ènìyàn mọ́, èédú ni. Bí ó bá jẹ́ ẹtù dúdú ni ìyá wọ̀, tí ó sì dúró síwájú ògiri tó ṣókùnkùn, òdìkejì ni ìbá ṣẹlẹ̀: òṣùwọ̀n ìbá máa bu ìmọ́lẹ̀ kún ìmọ́lẹ̀ títí ẹtù yóò fi di eérú, ojú ìyá ìbá sì ṣá bí aṣọ tó ti pẹ́ nínú oòrùn. Ìyá kan náà ni o. Àwọ̀ rẹ̀ kò yí padà, aṣọ rẹ̀ ló yí padà. Ta ni yóò wá dìde sọ pé àwọ̀ rẹ̀ ló jẹ̀bi?

Ẹni tó mọ iṣẹ́ kì í jẹ́ kí aṣọ pinnu bí ojú yóò ṣe rí. Bí ó bá ní òṣùwọ̀n àfọwọ́mú, yóò gbé e síwájú ojú ẹni tó fẹ́ yà, yóò sì wọn ìmọ́lẹ̀ tó ń bọ̀ sára onítọ̀hún, kì í ṣe èyí tó ń ta padà; ìmọ́lẹ̀ tó ń bọ̀ sára kò mọ dúdú, kò mọ funfun. Bí kò bá ní in, yóò sún mọ́ ojú náà, yóò fi kámẹ́rà wọn ojú nìkan, yóò sì dín iye tí ó rí kù díẹ̀, nítorí ó mọ̀ pé ẹ̀rọ ń fẹ́ sọ ojú dúdú di eérú. Bí kò bá ní nǹkan kan rárá, òfin àtijọ́ wà: lábẹ́ oòrùn tó mú ganrín-ganrín, pẹ̀lú fíìmù 100, ojú lẹ́ńsì ní f/16, ìlẹ̀kùn ní 1/125, kí ó sì là á sí i bí òjìji gèlè bá bo ojú. Jù gbogbo rẹ̀ lọ, yóò rọra mú ìyá kúrò nínú oòrùn ọ̀sán, yóò mú un bọ́ sẹ́yìn òpó, níbi tí ìmọ́lẹ̀ ti rọ̀. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ojú ni ó yẹ kí a wò kí a tó ṣí lẹ́ńsì.

Mo mọ ohun tí àwọn kan yóò fi dá mi lóhùn. Wọ́n á ní òyìnbó ló ṣe ẹ̀rọ, ara wọn ni wọ́n sì fi wọ̀n ọ́n. Òótọ́ ni, n kò jiyàn. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni ilé-iṣẹ́ Kodak fi ń fi àwòrán obìnrin aláwọ̀ funfun kan tí wọ́n ń pè ní Shirley ránṣẹ́ sí àwọn tí ń fọ fíìmù aláwọ̀. Bí awọ ara obìnrin náà bá ti dára lára ìwé, a jẹ́ pé ẹ̀rọ ti pé nìyẹn. Lorna Roth, onímọ̀ kan ní Kánádà, tẹ ìwádìí jáde ní ọdún 2009, ó sì fi hàn pé ẹ̀dùn àwọn tí ń ṣe ṣokoléètì àti àwọn tí ń ṣe àga onípákó, tí àwọ̀ ọjà wọn kò yọ dáadáa, wà lára ohun tó mú Kodak tún fíìmù rẹ̀ ṣe. Àwọ̀ pákó rí olùgbèjà, àwọ̀ ènìyàn ń dúró. Ó dunni.

Ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. J. D. 'Okhai Ojeikere, tí a bí ní 1930, kò dúró de Kodak. Ìlú Ìbàdàn yìí ni ó ti ṣiṣẹ́ nínú yàrá òkùnkùn ilé-iṣẹ́ ìròyìn ìjọba láti 1954, kí ó tó lọ sí ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣàn WNTV ní 1961. Láti 1968 ni ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í ya irun dídì àti irun olówùú àwọn obìnrin wa, títí àwòrán náà fi tó nǹkan bí ẹgbẹ̀rún kan. Ẹ lọ wo àwọn àwòrán náà. Irun dúdú ni, òwú dúdú ni, ọrùn dúdú ni, síbẹ̀ a lè ka òwú níkọ̀ọ̀kan, a sì rí bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń yọ́ lára awọ. Dúdú lórí dúdú, kò sí èyí tó gbé èkejì mì. Ní Bamako, Seydou Keïta lo ìmọ́lẹ̀ ojúmọ́ nínú àgbàlá rẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ sì di ohun tí gbogbo ayé ń wò. Ẹ̀rọ òyìnbó kan náà ni wọ́n lò. Ohun tó yàtọ̀ ni ojú tó wà lẹ́yìn ẹ̀rọ.

Àwọn mìíràn yóò ní oníbàárà ló ń fẹ́ kí a fún òun ní àwọ̀ pupa. Àwọn kan ń fẹ́ ẹ lóòótọ́, bí àwọn kan ṣe ń fẹ́ ọṣẹ abóra. Ṣé nítorí náà ni a ó ṣe máa bó ẹni tí kò bẹ̀ wá? Ẹ̀yin òǹkàwé mi, èdè wa ti dá ẹjọ́ yìí kí kámẹ́rà tó dé. A kì í yin arẹwà pé ó dú nìkan. Adúmáadán ni a ń pè é, ẹni tó dú tí ó sì ń dán. Dídú àti dídán wà pọ̀ nínú ọ̀rọ̀ kan. Ẹni tó ṣú àwòrán ti gba dídán lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó bó o ti gba dídú. Nígbà tí Robert Farris Thompson, ọ̀jọ̀gbọ́n ará Amẹ́ríkà, bi àwọn àgbà Yorùbá léèrè ohun tí wọ́n fi ń mọ ère tó dára, ó tẹ èsì wọn jáde ní 1973. Jíjọra wà níbẹ̀, ìfarahàn wà níbẹ̀, dídán wà níbẹ̀. Kí ère jọ ènìyàn, kí ẹ̀yà ara rẹ̀ hàn, kí ara rẹ̀ dán. Èwo nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni àwòrán ìyá wa ní?

Ohun tó mú mi gbé ọ̀rọ̀ yìí karí nìyí. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2003 ti ka ilà kíkọ fún ọmọdé léèwọ̀. N kò sọ pé kí a dá a padà. Ṣùgbọ́n ó túmọ̀ sí pé àwọn tó ru àbàjà, pélé àti gọ̀ǹbọ́ láàárín wa lónìí ni yóò ru ú kẹ́yìn. Ojú wọn ni ìwé ìtàn náà, ó sì ń pa dé díẹ̀díẹ̀. Ilà kì í ṣe ọ̀dà tí a fi kun ojú; kòtò tẹ́ẹ́rẹ́ ni, òjìji díẹ̀ tó wà nínú rẹ̀ ni a fi ń rí i. Ìmọ́lẹ̀ tó kéré jù bò ó, èyí tó pọ̀ jù fọ̀ ọ́ nù. Ẹni tí kò mọ ìmọ́lẹ̀ wọ̀n ń ya ojú ìwé yìí dànù, ó sì ń gba owó lé e.

Ẹ má sì sọ fún mi pé fóònù yóò bá wa ṣe é. Lóòótọ́, Google kéde ní 2021 pé òun ti tún kámẹ́rà fóònù Pixel 6 ṣe kí ó lè ya àwọ̀ dúdú bó ti yẹ, ìlọsíwájú sì ni. Ṣùgbọ́n àwọn tó wà lókè òkun ni wọ́n tún jókòó pinnu bí ojú wa yóò ṣe rí. Ní Mápó yìí, a gbé Olúbàdàn mẹ́ta gorí ìtẹ́ ní 2022, 2024 àti 2025. Bí ènìyàn bá fi irú ìpinnu bẹ́ẹ̀ lé ẹ̀rọ lọ́wọ́ ní irú ọjọ́ ńlá bẹ́ẹ̀, kí ni ó kọ́ ní ọdún mẹ́ta tí ó fi sin ọ̀gá rẹ̀?

Nítorí náà, mo bẹ ẹ̀yin ọ̀gá ayàwòrán pé kí ẹ má fún ọmọ iṣẹ́ ní ìyọ̀ǹda títí yóò fi lè ya àgbàlagbà aláwọ̀ dúdú kan nínú aṣọ funfun, kí ó tún yà á nínú ẹtù, kí ojú méjèèjì sì jọra. Mo sì bẹ ẹ̀yin oníbàárà pé bí wọ́n bá gbé èédú tàbí ẹ̀kọ wá fún yín, ẹ má sanwó. Àwọn onímọ̀ kan ní à-wò-rántí ni àwòrán. Ojú lọ̀rọ̀ wà. Bí ojú kò bá yọ, kí ni ọmọ-ọmọ wa yóò wò tí yóò fi rántí?