Ó Yẹ Kí Ìjọba Ka Fòníkú-fọ̀la-dìde Mọ́ Ìpèníjà Ara

Ẹni tó ń fi ọ̀pá rìn kì í pẹ́ ṣàlàyé ara rẹ̀ fún òṣìṣẹ́ ìjọba. Bẹ́ẹ̀ náà ni afọ́jú. Ojú ti rí ohun tó ń ṣe wọ́n, ọ̀rọ̀ ti parí. Ẹni tí ìnira rẹ̀ kò hàn sójú ni nǹkan máa ń le fún, kò sì sí irú èyí tó kan ilé Yorùbá tó àìsàn fòníkú-fọ̀la-dìde, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kàn ń pè ní SS. Nǹkan bí 150,000 ọmọ ni wọ́n ń bí pẹ̀lú rẹ̀ lọ́dọọdún ní Nàìjíríà. Kò sí orílẹ̀-èdè mìíràn láyé tí tirẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, bí ọ̀kan nínú wọn bá dúró níwájú tábìlì ìjọba lọ́jọ́ tí ara rẹ̀ dá, tó múra dáadáa, tó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọlé, ohun tí wọ́n máa bi í ni pé, "Kí ló wá ṣe ìwọ?"

Ìbéèrè yẹn kò bá àìsàn náà mu rárá. Èyí tó yẹ kí wọ́n bi í ni iye ọjọ́ tí àìsàn náà gbà lọ́wọ́ rẹ̀ láàárín ọdún kan, àti ohun tí ọjọ́ wọ̀nyẹn bà jẹ́ fún un.

Ẹ wo bó ṣe máa ń rí. Ọmọbìnrin kan tó ń ránṣọ lè jókòó sídìí ẹ̀rọ títí di alẹ́ ọjọ́ Ajé, kó máa rán aṣọ ẹbí, kó máa bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣeré. Òjò á pa á lójú ọ̀nà ilé. Kí ilẹ̀ tó mọ́, egungun ẹ̀yìn àti itan á ti bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó, ìrora tí kì í jẹ́ kí ènìyàn lè dúró, tí kì í jẹ́ kó lè dùbúlẹ̀. Ìyá rẹ̀ á gbé omi kaná, á fi Robb pa á lára, á máa bẹ̀ ẹ́ pé kó mumi sí i. Bí kò bá rọlẹ̀, ó di ọsibítù nìyẹn: dírípù, abẹ́rẹ́ tó ń pa ìrora bó bá wà nílẹ̀, àti bébà tí wọ́n á fi lé ìdílé lọ́wọ́ pé kí wọ́n lọ wá ẹ̀jẹ̀. Ó lè lo ọjọ́ mẹ́rin níbẹ̀, ó lè lo ọ̀sẹ̀ méjì. Nígbà tó bá fi padà sí ṣọ́ọ̀bù, oníbàárà ti gbé aṣọ rẹ̀ lọ fún ẹlòmíràn. Bí oṣù méjì bá tún kọjá, ó tún lè bẹ̀rẹ̀.

Apá tó ń lọ tó ń bọ̀ nìyẹn. Èyí tí kì í lọ mọ́ náà wà. Sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa tó tẹ̀ bí i dòjé máa ń dí ọ̀nà ẹ̀jẹ̀, ibi tí ẹ̀jẹ̀ kò bá sì dé, ibẹ̀ ni yóò máa kú díẹ̀díẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni oríkèé ìbàdí ọ̀dọ́ mìíràn ṣe ń bàjẹ́ kó tó pé ọgbọ̀n ọdún, tí egbò ọrùn ẹsẹ̀ ń wà níbẹ̀ fún ọdún púpọ̀ láìjinná, tí kíndìnrín ń daṣẹ́ sílẹ̀, tí rọpárọsẹ̀ sì ń kọlu ọmọ tí kò tíì wọ ilé ẹ̀kọ́ girama.

Àwọn ará Amẹ́ríkà ti gbìyànjú láti fi òǹkà sí ọ̀rọ̀ yìí. Àjọ Social Security wọn ní ìwé kan tó to àwọn àìsàn tó lè sọ ènìyàn di ẹni tó ń gba owó ìrànwọ́ lẹ́sẹẹsẹ: àrùn ọkàn, jẹjẹrẹ, wárápá, àìsàn kíndìnrín, àìsàn ọpọlọ àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Fòníkú-fọ̀la-dìde wà níbẹ̀, ní ìsọ̀rí 7.05. Ẹni tí ìrora rẹ̀ le dé ibi abẹ́rẹ́ oògùn líle ní ó kéré tán ìgbà mẹ́fà láàárín oṣù 12, tí ọgbọ̀n ọjọ́ sì wà láàárín ọ̀kan sí èkejì, ti kún ojú òṣùwọ̀n. Ẹni tí wọ́n dá dúró sí ọsibítù nígbà mẹ́ta láàárín oṣù 12, tí ìgbà kọ̀ọ̀kan tó wákàtí 48, tí ọgbọ̀n ọjọ́ sì wà láàárín wọn, òun náà ti kún un. Ẹni tí kò bá dé ibẹ̀ kò tíì pàdánù, nítorí wọ́n ṣì gbọ́dọ̀ wò ó bóyá iṣẹ́ kan wà tí agbára rẹ̀ ká. Ọdún kan gbáko ni òṣùwọ̀n yẹn ń wò. Ìdí nìyẹn tó fi sàn ju ojú lásán lọ.

Ó ní àléébù tirẹ̀, kò sì kéré. Ẹni tó bá rọ́jú ìrora náà nílé kò ní ìwé tí yóò fi hàn, bẹ́ẹ̀ àwọn tó ń sá fún ọsibítù pọ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2021, ìgbìmọ̀ àwọn aṣòfin kan ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé ìjábọ̀ kan jáde tí wọ́n pè ní No One's Listening. Ó ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń fi àwọn aláìsàn yìí sílẹ̀ nínú ìrora ní wọ́ọ̀dù, tí àwọn nọ́ọ̀sì mìíràn ń fura pé torí oògùn líle tó ti di bárakú ni wọ́n ṣe wá. Ẹni tí wọ́n bá ṣe bẹ́ẹ̀ sí lẹ́ẹ̀mejì, ilé ni yóò jókòó sí nígbà kẹta.

Ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yẹn kan náà, níbi tí ọmọ Yorùbá tó ní àìsàn yìí pọ̀ sí, owó ìrànwọ́ Personal Independence Payment, tí wọ́n ń pè ní PIP, ló wà látọdún 2013. Wọn kì í béèrè orúkọ àìsàn níbẹ̀ tó bí wọ́n ṣe ń béèrè ohun tí ènìyàn lè ṣe: ṣé ó lè dáná, ṣé ó lè wẹ̀, ṣé ó lè wọ aṣọ, báwo ló ṣe lè rìn jìnnà tó. Ìlànà náà dára. Ibi tó ti ń dun aláìsàn yìí ni òfin tó ní kí ìṣòro náà wà fún ju ìdajì ọjọ́ inú ọdún lọ. Ẹni tí ìrora ń dá wó fún ọjọ́ márùn-ún lóṣooṣù ti pàdánù 60 ọjọ́ lọ́dún. Kò sí ọ̀gá iṣẹ́ tó máa gba irú òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀ pẹ́, ṣùgbọ́n 60 kò sún mọ́ ìdajì 365. Òfin kan náà ló sọ ṣá o pé ẹni tí kò lè ṣe nǹkan láìléwu, tàbí tí kò lè ṣe é léraléra, kò lè ṣe é rárá. Ẹni tó dáná lẹ́ẹ̀kan tí àárẹ̀ sì dá a dùbúlẹ̀ títí di alẹ́, abẹ́ òfin yẹn ló bọ́ sí, kò sì yẹ kó gbàgbé láti kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù.

Ní Nàìjíríà, kò sí irú owó oṣooṣù bẹ́ẹ̀ láti ọwọ́ ìjọba àpapọ̀. Òfin tó dẹ́kun ìyàsọ́tọ̀ àwọn tó ní ìpèníjà ara, tí ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù kìíní ọdún 2019, fẹ̀ dáadáa: ó ka ipò ara tó máa pẹ́, tó sì ń dín agbára ènìyàn kù lọ́nà tó pọ̀, mọ́ ìpèníjà. Fòníkú-fọ̀la-dìde wọ ibẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́. Ohun tó kù ni kí àjọ tó ń bójú tó òfin náà kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní kedere, kí wọ́n sì fi òǹkà ọdún kan sí i. Kí wọ́n má fi mọ sórí iye ìgbà tí ènìyàn dé ọsibítù. Kí wọ́n ka ọjọ́ iṣẹ́ àti ọjọ́ ilé ẹ̀kọ́ tó sọnù pẹ̀lú.

Àwọn kan máa ní owó kò sí. Ìjọba Ekiti bẹ̀rẹ̀ sí í san ₦5,000 lóṣù fún àwọn àgbà aláìní ní 2011, láìjẹ́ pé Ekiti lówó ju ìpínlẹ̀ yòókù lọ. Òfin adójútòfò ìlera ti 2022 náà dá àkànṣe owó sílẹ̀ fún àwọn tí kò rí já jẹ. Oògùn àti ẹ̀jẹ̀ àwọn aláìsàn yìí lè ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Àwọn mìíràn ń bẹ̀rù pé elétàn á pọ̀. Ẹ̀tàn wo ló rọrùn nínú àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó máa sọ bóyá ènìyàn jẹ́ SS tàbí kò jẹ́ ẹ? Àtakò tó wúwo jù ń bọ̀ láti ẹnu àwọn aláìsàn fúnra wọn, tí wọn kò fẹ́ kí wọ́n pè wọ́n ní àkàndá ẹ̀dá nítorí ìgbéyàwó àti iṣẹ́. Ẹ̀tọ́ wọn ni. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ nìkan ni kí wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀, kí orúkọ náà sì wà ní àṣírí.

Kó tó di pé àwọn aṣòfin dìde, iṣẹ́ kan wà tí ìdílé kọ̀ọ̀kan lè bẹ̀rẹ̀ lónìí. Ẹ má ju káàdì ọsibítù nù. Ẹ gba ìwé nígbàkígbà tí wọ́n bá dá aláìsàn sílẹ̀, kí ẹ sì ní ìwé kékeré kan tí ẹ ó máa kọ ọjọ́ tí ìrora mú un, iye ọjọ́ tó lò, àti iṣẹ́ tàbí ìdánwò tó pàdánù sí i. Ohun tí wọ́n ń béèrè ní London àti ní New York nìyẹn, òun náà ni Àbújá yóò sì béèrè.