Ẹ Kọ Ọ́ Sínú build.xml

Ẹ̀yin ọmọ Kétu, Sábẹ̀, Àjàṣẹ́ títí dé Atakpamé tí ẹ ń fi Java kọ ètò kọ̀ǹpútà ni à ń bá sọ̀rọ̀. Bí a bá pé mẹ́ta mẹ́rin lórí ètò kan, fáìlì Java ni gbogbo wa máa ń dù. Ta ló ń bìkítà fún build script, ìwé kékeré tó ń sọ fún kọ̀ǹpútà bí yóò ṣe kó gbogbo rẹ̀ jọ? Ẹnì kan á dà á kọ láti ibòmíràn. Bó bá ti ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ tirẹ̀, ó parí. Lọ́jọ́ tí ẹni yẹn bá ríṣẹ́ lọ sí Cotonou, ọwọ́ àwọn tó kù á rọ. Kò jí nǹkan kan gbé o. Ohun tí kò kọ sílẹ̀ ló bá a lọ.

Èrò tiwa ni pé gbogbo ohun tí build nílò gbọ́dọ̀ wà nínú script. Ant la ó fi ṣàpẹẹrẹ. Ọdún 2000 ló ti jáde, àwọn kan sì ń pè é ní àgbàlagbà, ṣùgbọ́n ó ṣì wà nídìí ọ̀pọ̀ ètò tí a fi NetBeans kọ. Bí jar bá sì ti wà nínú lib, kò ní jẹ dátà wa bíi Maven, tí yóò kọ́kọ́ lọ wá tirẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ẹ wo lẹ́tà wa. Ní Nàìjíríà, wọ́n ń kọ ẹ àti ọ. Ní Benin, ɛ àti ɔ ni álífábẹ́ẹ̀tì àwọn èdè orílẹ̀-èdè wa ń lò. Ká ní a kọ "ɛ kú àárɔ̀" sínú fáìlì Java tí a fi UTF-8 pamọ́. Bí build.xml kò bá sọ encoding, tí JDK wa kò sì tó 18, javac á lo èyí tó bá lórí ẹ̀rọ. Lórí Windows tó ń sọ Faransé, Cp1252 ni. Bó bá kan ọ, javac á ráhùn, torí báìtì kan nínú rẹ̀ kò ní ìtumọ̀ ní Cp1252. Ti ɛ àti ɔ ló burú jù: wọ́n á kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́, Ant á kọ BUILD SUCCESSFUL, a ó ṣí ètò, ɛ á ti di É›. Lórí Linux ti ọ̀rẹ́ wa, gbogbo rẹ̀ á dára. Ibẹ̀ làwọn kan ti ń sọ pé Java kò lè kọ èdè wa. Irọ́ gbáà! Kí a fi encoding="UTF-8" sínú javac nínú build.xml, ìjà parí. Láti JDK 18, tó jáde ní 2022, UTF-8 ti di àbùdá Java, àmọ́ ẹni tó ń lo 8 tàbí 11 kò tíì bọ́.

Bákan náà ni ọ̀nà fáìlì. C:\Users\ẹnìkan kò ní iṣẹ́ kankan nínú build.xml. Nínú Ant, property tí a bá kọ́kọ́ fún ní iye kì í yí padà mọ́. Àkọ́kọ́ ló borí. Nítorí náà, kí a pe fáìlì local.properties lókè pátápátá, kí iye tí gbogbo wa jọ ń lò wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Oníkálùkù á kọ ti ẹ̀rọ rẹ̀ sínú local.properties, kò sì ní fi í sínú Git.

Bí build bá kọ̀, ẹ má wo ìlà ìkẹyìn. Jar kan ṣoṣo tó sọnù lè bí àṣìṣe rẹpẹtẹ, javac kì í sì í tẹ̀ ju 100 lọ. Ti àkọ́kọ́ ni kí ẹ kà.

Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fi encoding sí i lónìí, kó kọ́kọ́ ṣe ant clean. Aago lásán ni Ant ń wò: bí fáìlì Java kò bá tuntun ju .class lọ, kò ní tún un ṣe, É› á sì wà níbẹ̀ síbẹ̀.