Ta Ni Yóò San Owó Pọ́ǹpù? Ọ̀rọ̀ Lórí Fílítà Epo Dísù



Ìwé kan wà lára ògiri ilé iṣẹ́ kan ní agbègbè wa yìí. A kò ní dárúkọ ilé iṣẹ́ náà. Ẹni tí ọ̀rọ̀ bá kàn yóò mọ ara rẹ̀. Ìwé náà sọ pé awakọ̀ tí pọ́ǹpù epo tàbí nọ́sù ọkọ̀ rẹ̀ bá bàjẹ́ ni wọn yóò máa yọ owó àtúnṣe lára owó oṣù rẹ̀, díẹ̀díẹ̀, títí gbèsè yóò fi tán. Ẹ̀ẹ̀mejì ni a kà á, nítorí nígbà àkọ́kọ́ a rò pé ojú ni ó ń tàn wá. Pọ́ǹpù ẹ́ńjìnnì dísù kì í ṣe ohun tí owó oṣù awakọ̀ kan tàbí méjì ká. Ẹni tí wọ́n bá gbé irú gbèsè bẹ́ẹ̀ lé lórí ti di ìwọ̀fà.

Kí ni ó ń ba pọ́ǹpù jẹ́? Ìwé ara ògiri náà kò sọ ìyẹn. Omi àti ìdọ̀tí inú epo ni. Ta ni ó ń ra epo? Ta ni ó ń ra fílítà? Ta ni ó ń sọ pé "ẹ jẹ́ kí ti tẹ́lẹ̀ ṣì máa bá a lọ"? Kì í ṣe awakọ̀. Àìtètè mú olè, olè ń mú olóko.

Ẹ jẹ́ kí a là á yé ara wa, nítorí àwọn tí kò wa ọkọ̀ rí náà ń ka ojú ìwé yìí. Ẹ́ńjìnnì dísù kò ní púlọ́ọ̀gì tí ń ṣáná bí ti pẹtiróòlù. Afẹ́fẹ́ ni ó ń tẹ̀ pọ̀ títí yóò fi gbóná janjan, pọ́ǹpù yóò wá fi agbára ti epo gba ojú ihò tíntìntín tí ó wà lẹ́nu nọ́sù, epo yóò sì gbiná fúnra rẹ̀. Ọdún 1897 ni Rudolf Diesel, ọmọ Jámánì, ṣe irú rẹ̀ tí ó ṣiṣẹ́ dáadáa. Ṣùgbọ́n ọdún 1927 ni ilé iṣẹ́ Robert Bosch tó bẹ̀rẹ̀ sí ṣe pọ́ǹpù epo fún ọkọ̀ akẹ́rù lọ́pọ̀ yanturu. Ọgbọ̀n ọdún gbáko! Iṣẹ́ ẹlẹgẹ́ ni. Ẹ pín mílímítà kan ṣoṣo sí ọ̀nà 1,000: bíi 2 sí 4 nínú rẹ̀ ni àlàfo tí ó wà láàárín irin méjì tí ń rìn nínú ara wọn nínú pọ́ǹpù. Irun orí ènìyàn nípọn tó nǹkan bí 70. Epo tí ń kọjá náà ni ó ń mú kí irin méjèèjì máa yọ̀ mọ́ ara wọn. Bí omi bá rọ́pò epo, irin á ha irin, ìpẹtà á dé. Bí iyanrìn bá wọlé, ó di ayùn.

Fílítà ni oníbodè tí ń dá àwọn nǹkan wọ̀nyí dúró. Bébà tí a ká pọ̀ ni ó wà nínú rẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ akẹ́rù, méjì ni wọ́n: ti àkọ́kọ́ ń gba omi àti ìdọ̀tí ńlá, ó sì ní ìdè kékeré nísàlẹ̀ tí a lè tú kí omi jáde, èkejì ń gba èyí tí ó kéré jù. Àwọn àgbà awakọ̀ tí wọ́n wa Mercedes 911 mọ ohun tí à ń wí. Ojú ni wọ́n fi ń rí omi nínú ife dígí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì, wọn a tú u, wọn a nù ún, wọn a fi ọwọ́ fa epo, ó parí.

Ní báyìí, àwọn ọ̀gá kan ti sọ fílítà di aṣọ. Wọ́n ní kí ọmọ ọkọ̀ fi pẹtiróòlù fọ̀ ọ́, kí ó fi afẹ́fẹ́ ẹ̀rọ fẹ́ ẹ, kí ó dá a padà. Fílítà bébà kì í ṣe aṣọ. Afẹ́fẹ́ náà ń ya ojú bébà, ìdọ̀tí inú rẹ̀ sì ń bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ tí ó yẹ kí ó mọ́. Ọkọ̀ yóò ja lẹ́yìn ìfọ̀ náà, a kò jiyàn. Ó ń ja nítorí pé ilẹ̀kùn ti ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ẹrẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, nọ́sù á bẹ̀rẹ̀ sí tọ̀ dípò kí ó fọ́n, èéfín dúdú á bo ojú ọ̀nà, wọn a ní awakọ̀ ni kò mọ ọkọ̀ wà. Ayédèrú fílítà tí wọ́n kun ní ọ̀dà tuntun náà burú bákan náà. Àwọn mẹkáníìkì tí wọ́n ń yọ ti inú dànù pátápátá "kí epo lè sáré", ẹ̀yin náà ẹ gbọ́: ọmọ ìyá yín ni ẹ ń ti sí gbèsè.

Ọ̀rọ̀ epo ló kàn. Ní oṣù Kìíní ọdún 2022, lítà dísù kan kò tó 300 náírà ní àròpín ní orílẹ̀-èdè yìí. Nígbà tí yóò fi di oṣù Keje ọdún kan náà, ó ti kọjá 700. Láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ ọ̀gá ti ń sá fún ilé epo, tí wọ́n ń ra ti inú kẹ́ẹ̀gì tí ẹnikẹ́ni kò mọ orísun rẹ̀. Òmíràn nínú rẹ̀ jẹ́ èyí tí wọ́n sè nínú igbó ní apá ìhà odò Niger, tí a kò yọ ìdọ̀tí rẹ̀ bí ó ti yẹ. A mọ̀ pé ọjà le. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ra epo pọ́ọ́kú kò lè wá sọ pé kí ẹlòmíràn san owó ohun tí epo náà bà jẹ́.

Ohun kan sì wà tí fílítà kò lè gbà, ìyẹn ni imí-ọjọ́ inú dísù. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2016, ní Àbújá, Nàìjíríà, Bẹ̀nẹ̀, Tógò, Gánà àti Côte d'Ivoire kéde pé àwọn yóò mú un kúrò ní 3,000 nínú mílíọ̀nù kan wá sí 50. Ní ilẹ̀ Yúróòpù, 10 ni láti ọdún 2009. Nítorí náà, nígbà tí ìwé ọkọ̀ tí wọ́n tẹ̀ níbẹ̀ bá sọ iye kìlómítà tí a ó fi pààrọ̀ fílítà, epo wọn ni wọ́n ń rò, kì í ṣe ti kẹ́ẹ̀gì ẹ̀bá ọ̀nà. Níhìn-ín, ó yẹ kí a máa pààrọ̀ rẹ̀ kí iye náà tó pé.

Àwọn máníjà ní ìdáhùn kan tí wọ́n fẹ́ràn. Wọ́n ní awakọ̀ ni ó ń ta epo lójú ọ̀nà, tí ó sì ń fi omi àti kẹrosíìnì dí i. A kò ní purọ́: irú wọn wà. Ẹgbẹ́ kò ní gbèjà olè. Ṣùgbọ́n kí wọ́n mú ẹni tí ó ṣe é, kí wọ́n fi ẹ̀rí hàn, kí wọ́n má fi ẹ̀ṣẹ̀ ẹnì kan di ẹrù lé ọgọ́rùn-ún ènìyàn lórí. Òfin iṣẹ́ ilẹ̀ wa, Labour Act, Cap L1 nínú àkójọ òfin ọdún 2004, sọ ọ́ kedere ní ẹsẹ 5. Agbanisíṣẹ́ kò gbọdọ̀ bu owó ìtanràn lára owó iṣẹ́. Bí ó bá fẹ́ yọ owó nítorí ohun tí òṣìṣẹ́ mọ̀ọ́mọ̀ bà jẹ́ tàbí tí ó bàjẹ́ nítorí àìbìkítà rẹ̀, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ọ̀gá òṣìṣẹ́ ìjọba tí ń bójú tó ọ̀rọ̀ iṣẹ́. Gbogbo owó tí yóò yọ lóṣù kan kò sì gbọdọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́ta owó oṣù náà lọ. Ìwé ara ògiri kì í ṣe ìwé àṣẹ.

Nítorí náà, kí ẹ̀rí wà lọ́wọ́ wa. Omi wúwo ju dísù lọ, ìsàlẹ̀ ni ó ń rọ̀ sí lóru. Ní òwúrọ̀, kí o tó ṣáná sí ọkọ̀, gbé ìgò funfun sábẹ́ fílítà àkọ́kọ́, tú ìdè rẹ̀ títí epo lásán yóò fi máa jáde, kí o sì dè é padà. Bí omi bá wà nínú ìgò, ìlà rẹ̀ yóò hàn nísàlẹ̀. Pe fọ́mánù kí ó wò ó, kọ ọjọ́ àti iye kìlómítà sínú ìwé rẹ. Rọ epo ní ìrọ̀lẹ́ bí wọ́n bá gbà, nítorí tánkì tí ó ṣófo di òwúrọ̀ ni ìrì ń sẹ̀ sínú rẹ̀. Fílítà tí o bá tú, má jù ú nù. Fi nylon wé e.

Ẹ̀yin tí ọkọ̀ tuntun wà lọ́wọ́ yín, ẹ ṣọ́ra. Nínú 911, a máa ń tú ìdè nọ́sù láti lé afẹ́fẹ́ jáde. Ẹ má dán an wò lára ọkọ̀ òde òní nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́. Agbára epo inú páìpù rẹ̀ lè kọjá 1,500 bar. Ó ń gún awọ ara wọlé bí abẹ́rẹ́. Ojú ibẹ̀ lè dà bí ibi tí èèrà bù jẹ, kí apá ó sì sọnù. Ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀ ni o, kì í ṣe ọ̀la.

Ẹni tí ó bá ní ọ̀rọ̀ kékeré nìyí, kí ó lọ dúró ní Odò-Ọbà lóru, lójú ọ̀nà àtijọ́ láàárín Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́, nígbà tí tírélà kan bá kú sí ojú ọ̀nà tóóró nítorí fílítà tí ó dí, tí ọmọ ọkọ̀ sì ń já ewé sílẹ̀ kí àwọn tí ń bọ̀ má baà kọlù ú. Ọ̀pọ̀ ọdún ni iṣẹ́ ọ̀nà onílà méjì fi falẹ̀ níbẹ̀. Ọkọ̀ tí kò ní agbára gun òkè kò ní ibi tí yóò yà sí.

Ohun tí à ń béèrè kò pọ̀: ojúlówó fílítà, méjì lọ́wọ́ fún ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan, ìṣẹ́jú 15 ní òwúrọ̀ láti tọ́jú ọkọ̀, kí wọ́n kà á mọ́ àkókò iṣẹ́, ìwé rírà epo tí aṣojú òṣìṣẹ́ lè wò, kí wọ́n sì ya ìwé ara ògiri náà kúrò. Awakọ̀ tí wọ́n bá ti yọ owó rẹ̀, láti Owódé ní Ọ̀yọ́ dé Tákìé ní Ògbómọ̀ṣọ́, kí ó mú ìwé owó oṣù rẹ̀ àti fílítà rẹ̀ wá bá wa kí ìpàdé oṣù tí ń bọ̀ tó pé. A ó kó gbogbo rẹ̀ lọ bá ọ́fíìsì ìjọba tí ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn, a ó sì ní kí máníjà wá ṣí fílítà náà fúnra rẹ̀ lójú wọn.