Kí Ni Ó Yẹ Kí Ọmọ Ilé Ìwé Fi Ìsinmi Ìgbà Ìkórè Ṣe?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní kékeré ni a ti í pẹ̀ka ìrókò. Bí ó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́. Òwe yìí bá ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ ilé ìwé mu nígbàkúùgbà tí ìsinmi gígùn bá dé, láti ìparí oṣù keje títí wọ oṣù kẹsàn-án. Àsìkò náà ni iṣu tuntun ń ti oko wọ ọjà, tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìlú sì ń múra ọdún wọn. Àwọn ọmọ kan ń lo gbogbo ọ̀sẹ̀ wọ̀nyí lórí ìwé, bí ẹni pé ilé ìwé kò tì; àwọn mìíràn tẹjú mọ́ fóònù láti òwúrọ̀ di alẹ́. Ohun tí ó sàn ju méjèèjì lọ ni kí ọmọ lo ìdajì ìsinmi náà lọ́dọ̀ bàbá àgbà tàbí ìyá àgbà rẹ̀, kí ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ iṣẹ́ tí a mọ ìdílé rẹ̀ mọ́.

Láyé àtijọ́, iṣẹ́ ni Yorùbá fi ń dá ilé mọ̀. Orúkọ tí ó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Àyàn, ti onílù ni. Ọnà jẹ́ ti àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà, Ọdẹ sì jẹ́ ti àwọn ọlọ́dẹ. Ṣùgbọ́n lónìí, Àyàndélé pọ̀ nínú kíláàsì tí kò mọ bí a ti ń fi awọ bo ìlù. Irú orúkọ bẹ́ẹ̀ ti di ìkarahun ìgbín: ó ṣì dára í wò, ṣùgbọ́n ẹran ti kúrò nínú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wo aṣọ òfì tí a fi mọ ìlú Ìsẹ́yìn. Sányán, tí wọ́n ń pè ní baba aṣọ, ara òwú kòkòrò inú igbó ni a ti ń rí i; pupa ni àlàárì; aró dúdú ni a fi ń pa ẹtù láró. Àwọn orúkọ wọ̀nyí kò ṣòro láti há sórí fún ìdánwò. Ṣùgbọ́n ahunṣọ kì í hun aṣọ fífẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Tẹ́ẹ́rẹ́ ni ó ń hun ún, tí ìbú rẹ̀ kò ju nǹkan bí íńṣì 4 lọ nínú iṣẹ́ àtijọ́, kí a tó rán ọ̀pọ̀ nínú wọn pọ̀ di agbádá kan. Bí òwú bá dẹ̀ níbi kan, tí ó sì le jù níbòmíràn, àwọn ègé náà kò ní bá ara wọn mu nígbà tí a bá ń rán wọn. Kò sí ìwé tí ó lè kọ́ ọmọ ní bí òwú ti í le tó. Ọwọ́ ni í mọ̀ ọ́n. Kí ọmọbìnrin má sì rò pé iṣẹ́ yìí kò kan òun. Òótọ́ ni pé ọkùnrin ni ó ń jókòó sídìí òfì tẹ́ẹ́rẹ́ nígbà kan rí, tí àwọn obìnrin sì ní òfì fífẹ̀ tiwọn, ṣùgbọ́n lónìí àwọn ọ̀dọ́bìnrin ń hun aṣọ òkè lórí òfì kan náà.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni àdìrẹ ní Abẹ́òkúta, Òṣogbo àti Ìbàdàn. Ewé èlú àti omi eérú ni àwọn aláró fi ń ṣe aró. Bí wọ́n bá fi ìko di aṣọ, àdìrẹ oníko ni; bí wọ́n bá fi ìyẹ́ adìẹ ya ọnà sí i pẹ̀lú ẹ̀kọ láfún, àdìrẹ ẹlẹ́kọ ni. Ọnà náà kì í ṣe àwòrán lásán. Nínú èyí tí a ń pè ní Ìbàdàndùn, a ń rí àwọn òpó Gbọ̀ngàn Màpó, tí a ṣí ní 1929. Ọlọ́ba sì jáde nígbà tí Ọba George Karùn-ún ṣe àjọ̀dún ọdún 25 lórí ìtẹ́ ní 1935. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìyá tí ó ya iṣẹ́ wọ̀nyí kò mọ̀ ọ́n kọ, kò mọ̀ ọ́n kà, síbẹ̀ wọ́n kọ ìtàn sára aṣọ.

Ewu wà lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ní ọjà òní, aṣọ tí ẹ̀rọ tẹ̀ ní ilẹ̀ Ṣáínà, tí a ṣe kí ó lè jọ àdìrẹ, wà lórí àtẹ ní ẹ̀gbẹ́ àdìrẹ gidi, owó rẹ̀ sì kéré. Òfin nìkan kò lè gba aláró sílẹ̀, nítorí ẹni tí ó ń rajà ni ó ń yan èyí tí ó wù ú. Ọmọ tí ó ti bu aró rí, tí ó ti rí i bí aṣọ ti ń yọ láwọ̀ ewé nínú ìkòkò kí afẹ́fẹ́ tó sọ ọ́ di dúdú, a máa mọ èyí tí ọwọ́ ṣe yàtọ̀ sí èyí tí ẹ̀rọ tẹ̀. Ẹni tí kò rí i rí yóò ra ayédèrú, yóò sì máa pè é ní àṣà ìbílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ìkòkò aró yóò gbẹ lẹ́yìnkùlé ìyá rẹ̀ àgbà.

Nípa ti ọdún ìlú, ọjọ́ ìdánwò ni ó jẹ́ fún gbogbo oníṣẹ́ ọwọ́. Nígbà ọdún Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, nínú oṣù kẹjọ, àwọn àlejò láti ilẹ̀ òkèèrè máa ń wá wo igbó Ọ̀ṣun, tí àjọ UNESCO kọ sínú ìwé ogún àgbáyé ní 2005. Ní Ilé-Ifẹ̀, adé Àrè kì í kúrò níbi ìpamọ́ àfi nígbà ọdún Ọlọ́jọ́, tí Ọọ̀ni bá dé e. Ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ni a ń rí ìlù tí ó dún dáadáa, aṣọ tí ó gún régé, àti ìlẹ̀kẹ̀ tí ó dán. Àwọn òbí kan ń bẹ̀rù pé ọdún ìbílẹ̀ yóò ba ìgbàgbọ́ ọmọ wọn jẹ́. Kò sí ẹni tí ó sọ pé kí ọmọ bọ ohun tí àwọn òbí rẹ̀ kò bọ. Ọmọ Mùsùlùmí àti ọmọ Kìrìsítẹ́nì lè kọ́ ìlù àti aṣọ híhun, kí wọ́n sì bá ẹbí wọn jẹ iṣu tuntun pẹ̀lú ọpẹ́, láìfi ẹ̀sìn wọn sílẹ̀.

Àwọn mìíràn ní iṣẹ́ ọwọ́ wà fún ẹni tí kò rí ilé ìwé lọ. Ìtàn Ìyáàfin Nike Òkúndayé tó láti dá wọn lóhùn. Lọ́dọ̀ ìyá àgbà ni ó ti kọ́ aṣọ híhun àti àdìrẹ ní Ògìdì, ní ìgbà èwe rẹ̀. Iṣẹ́ náà gbé e dé Amẹ́ríkà gẹ́gẹ́ bí olùkọ́, ó sì dá ilé iṣẹ́ ọnà sílẹ̀ ní Òṣogbo ní 1983, níbi tí ó ti kọ́ ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ láìgba owó.

Ṣùgbọ́n kí àwọn òbí kíyè sí i: ẹ̀kọ́ ni a ń wí, kì í ṣe ìmúnisìn. Ọmọ tí a fi sídìí òfì láti àfẹ̀mọ́júmọ́ di ọ̀gànjọ́ yóò kórìíra òfì títí láé. Kí àwọn ilé ìwé náà ran ìdílé lọ́wọ́. Nígbà tí wọ́n bá wọlé ní oṣù kẹsàn-án, kí a ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan mú ohun kan tí ó fi ọwọ́ rẹ̀ ṣe wá, ìbáà ṣe ègé aṣọ tí kò gún, kí ó sì fi èdè Yorùbá ṣàlàyé bí ó ti ṣe é. Ìwé yóò wà níbẹ̀ títí ọmọ yóò fi padà dé, ṣùgbọ́n ìyá àgbà kì í dúró de ìsinmi ọdún tí ń bọ̀.