A Kì Í Fi Ẹ̀tẹ̀ Sílẹ̀ Ká Máa Pa Làpálàpá

Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ẹrù ní ilé iṣẹ́ àti ẹ̀yin awakọ̀ tí ẹ ń jókòó sórí àga ọkọ̀ láti àfẹ̀mọ́júmọ́ títí di alẹ́, ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn ríro, orúnkún dídùn àti èjìká tí kò ṣeé gbé sókè ni mo mú wá lónìí.

Àwọn oníṣègùn ti ń yí ọwọ́ padà lórí oògùn ara ríro. Lọ́dún 1999 ni wọ́n gbé oògùn Vioxx jáde fún oríkèé dídùn, wọ́n sì ní kò ní da ikùn láàmú bí àwọn ti àtijọ́. Nígbà tó di oṣù September 2004, ilé iṣẹ́ Merck tó ṣe é kó o kúrò lọ́jà nítorí pé ó ń fa àìsàn ọkàn àti rọpárọsẹ̀. Lọ́dún 2014, àwọn olùwádìí ní Australia rí i pé pàrásítámọ̀ kò mú kí ẹ̀yìn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dunni tètè san ju oògùn òfìfo lọ. Lọ́dún 2017, ẹgbẹ́ àwọn dókítà ní Amẹ́ríkà sọ pé ooru, ìfọwọ́ra àti eré ìdárayá ni kí a kọ́kọ́ fi tọ́jú ẹ̀yìn ríro. Nígbà tó di ọdún 2023, Àjọ Ìlera Àgbáyé kìlọ̀ pé kí a má ṣe fi àwọn oògùn alágbára tó bá mọfíìnì tan tọ́jú ẹ̀yìn tó ti ń dunni tipẹ́.

Ẹbí yìí gan-an ni tramadol wà. NAFDAC kò fọwọ́ sí èyí tó ju mílígíráàmù 100 lọ, síbẹ̀ àìmọye ìgbà ni wọ́n ti gbá 225 mú ní èbúté. Ó ń múni tòògbé, ó lè fa gìrì, ó sì ń di bárakú. Ẹni tó bá fi ọ̀pá ẹ̀yìn olótí lé e, tó sì di ọkọ̀ mú, ẹ̀mí ara rẹ̀ àti ti èrò ló fi ń ta tẹ́tẹ́. Ibuprofen àti diclofenac náà ní ewu tiwọn: bí a bá ń lò wọ́n lójoojúmọ́, wọ́n lè dá egbò sí ikùn, kí wọ́n ba kíndìnrín jẹ́, kí wọ́n sì gbé ẹ̀jẹ̀ ríru sókè.

Ẹlòmíràn á ní, "Bí mi ò bá lò ó, ta ni yóò bọ́ ọmọ mi?" Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Owó ojúmọ́ ń lọ bí èèyàn bá sinmi. Ìdí nìyẹn tí n kò fi dá alábàárù lẹ́bi. Àwọn tí mo dá lẹ́bi ni àwọn ọ̀gá tó ń fún òṣìṣẹ́ ní hóró oògùn méjì, tí wọ́n sì ń dá a padà sídìí ẹrù kan náà. Oògùn pa ìrora lẹ́nu mọ́, ṣùgbọ́n ẹrù kò fúyẹ́ sí i.

Nítorí náà, ohun tí ẹ̀ka wa gbọ́dọ̀ béèrè kò lọ́jú pọ̀: ọmọlanke fún ẹrù wúwo, kí èèyàn méjì máa gbé ohun tó ju agbára ẹnì kan lọ, àga ọkọ̀ tí kò tíì wó, àkókò ìsinmi lọ́nà jíjìn, àti iṣẹ́ fúyẹ́fúyẹ́ láìgé owó fún ẹni tí ara ń ro.

Òfin ọdún 2010 lórí owó gbà-má-bínú fún òṣìṣẹ́ wà lẹ́yìn wa. Ẹni tó bá fara pa lẹ́nu iṣẹ́ gbọ́dọ̀ fi tó ọ̀gá létí láàárín ọjọ́ 14. Ẹ má fi oògùn bò ó mọ́lẹ̀, ẹ jẹ́ kó wà lákọsílẹ̀, kí dókítà sì rí i. Bí ẹsẹ̀ bá ń kú tipiri, tàbí tí ìtọ̀ kò bá ṣeé mú dúró mọ́, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ lójú ẹsẹ̀.

Ẹ̀yìn kan ṣoṣo ni Ọlọ́run fún olúkúlùkù wa. Ẹ jẹ́ ká pawọ́ pọ̀ dáàbò bò ó.