Wọn Kò Bomi Là Á

Gbólóhùn kan wà tí kì í wọ́n lẹ́nu àwa tí à ń pọn bíà nínú ilé ní ìlú Ọba. Ẹni tó bá ṣí ìgò golden ale, bíà aláwọ̀ wúrà, tó ti fẹ́ràn láti ọjọ́ pípẹ́, tó tọ́ ọ wò, tí kò dùn mọ́ ọn lẹ́nu bíi ti àtẹ̀yìnwá, ohun tí yóò kọ́kọ́ sọ ni pé: "Wọ́n ti bomi là á." Àwọn yòókù á mi orí. Wọ́n á ní láti ìgbà tí ilé iṣẹ́ ńlá ti ra ilé ìpọntí náà ni ọtí ọ̀hún ti bàjẹ́, pé wọ́n ti dín họ́ọ̀pù, òdòdó tó ń mú bíà korò, kù, pé wọ́n ti fi ọkà olówó pọ́ọ́kú rọ́pò ojúlówó ọkà báálì. Ẹjọ́ parí nìyẹn. Kò sẹ́ni tó pe ẹlẹ́rìí kankan.

Irọ́ ló pọ̀ jù nínú ẹ̀sùn yìí. N kò sọ pé ilé ìpọntí kì í yí ọtí padà. Wọ́n ń yí i, n ó sì dárúkọ àwọn tó yí i. Ohun tí mò ń bá jà ni ìgbàgbọ́ pé ahọ́n ẹnì kan, tó ní òun rántí ọtí ogún ọdún sẹ́yìn, tó láti fi dá ẹlòmíràn lẹ́bi. Kò tó.

Ẹ jẹ́ ká mọ ọtí tí à ń sọ ná. Golden ale kì í ṣe ogún àwọn baba ńlá Gẹ̀ẹ́sì. Ní Wiveliscombe, ní agbègbè Somerset, ni ilé ìpọntí Exmoor ti pọn Exmoor Gold ní 1986, láti fi ṣe àjọyọ̀ pé ó di ìgbà 1,000 tí àwọn pọn ọtí. Ọkà báálì tí iná ò pa lára nìkan ni wọ́n fi ṣe é, ìdí nìyẹn tó fi pọ́n rẹ́súrẹ́sú bẹ́ẹ̀. Kò pẹ́ sí i ni Hop Back ti Salisbury gbé Summer Lightning jáde, tí agbára rẹ̀ jẹ́ 5%. Àwọn ọ̀dọ́ ti ń sá tọ lager lọ nígbà náà. Àwọn apọntí kéékèèké wá fẹ́ ọtí tó mọ́ lójú bíi lager àmọ́ tí òórùn họ́ọ̀pù kò ní jẹ́ kéèyàn gbàgbé. CAMRA, ẹgbẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1971 láti gbèjà ọtí inú àgbá, kò ya ìsọ̀rí ọ̀tọ̀ fún irú ọtí yìí nínú ìdíje wọn títí di 2005. Lọ́dún yẹn gan-an ni Brewers Gold ti Crouch Vale borí gbogbo ọtí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì tún borí ní 2006. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ké pé wọ́n ti ba àṣà àtayébáyé jẹ́ ló dàgbà ju ọtí náà lọ.

Ohun kan wà nínú ẹ̀dá ọtí yìí tó yẹ kí gbogbo apọntí mọ̀. Ọtí dúdú lè bo àṣìṣe, nítorí ọkà tí wọ́n yan dúdú nínú rẹ̀ lágbára lẹ́nu. Ọtí aláwọ̀ wúrà kò bo nǹkan kan. Ohun yòówù tó bá ṣe é lójú ọ̀nà, láti ilé ìpọntí dé inú ife rẹ, yóò hàn. Nítorí náà, bí ohun kan bá hàn, ọ̀nà ni kí á kọ́kọ́ yẹ̀ wò kí á tó dé ọ̀dọ̀ ẹni tó pọn ọ́n.

Ìmọ́lẹ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Họ́ọ̀pù, òdòdó ewéko tó ń lọ́ mọ́ òpó, ló ń fún bíà ní ìkorò àti òórùn, ìkorò yẹn kò sì fẹ́ oòrùn. Bí ìmọ́lẹ̀ bá bà á nínú ìgò, èròjà rẹ̀ á já, á lọ so mọ́ imí-ọjọ́ tó wà nínú ọtí, ohun tí yóò jáde lára àwọn méjèèjì á máa rùn bí ẹranko skunk ti Amẹ́ríkà. Gíráàmù mélòó kan rẹ̀ nínú mílíọ̀nù kan tọ́ọ̀nù ọtí ti tó kí imú èèyàn gbọ́ ọ. Bí oòrùn bá mú gan-an, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni iṣẹ́ náà ń gbà. Ìgò aláwọ̀ ilẹ̀ ń dá ìmọ́lẹ̀ yìí dúró. Aláwọ̀ ewé kò fi bẹ́ẹ̀ dá a dúró. Ìgò tó mọ́ gaara kò dá nǹkan kan dúró. Ìgò tó mọ́ gaara yìí sì ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń rọ golden ale sí, kí àwọ̀ wúrà náà lè wọ oníbàárà lójú. Ọtí náà á wá dúró lábẹ́ iná ṣọ́ọ̀bù fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan. O gbé e délé, o mu ún, o ní wọ́n ti dín họ́ọ̀pù kù. Họ́ọ̀pù wà níbẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ ló ti sọ ọ́ di nǹkan mìíràn. Bí ẹ bá fẹ́ bá ilé ìpọntí jà, ẹ bá wọn jà lórí ìgò. Ẹjọ́ yẹn lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, èmi náà á bá yín bọ́ sójú pópó.

Ooru àti afẹ́fẹ́ kò yàtọ̀. Bó ti wù kí wọ́n dé ìgò tó, afẹ́fẹ́ díẹ̀ ń bá ọtí wọlé, bí ilé ìkẹ́rù bá sì ṣe gbóná tó ni afẹ́fẹ́ náà ṣe ń yára ṣiṣẹ́. Òórùn họ́ọ̀pù ló kọ́kọ́ ń lọ, lẹ́yìn náà ni adùn kan tó dàbí páálí tó rin omi á yọjú. Ọjọ́ tí wọ́n kọ sára ìgò pé ọtí náà lè lò dé kì í ṣe ọjọ́ tí ó ń dùn dé.

Ọ̀rọ̀ ti inú àgbá tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìwúkàrà ṣì wà láàyè nínú àgbá tí wọ́n gbé dé ilé ọtí. Yàrá abẹ́ ilẹ̀ tí wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ sí kò gbọdọ̀ gbóná ju nǹkan bíi 11 sí 13 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ọ̀pá tí ọtí ń gbà kọjá sì ní láti jẹ́ fífọ̀ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Bí wọ́n bá ti lu àgbá, gbogbo ife tí wọ́n fà jáde ni afẹ́fẹ́ ń wọlé rọ́pò. Ọjọ́ mẹ́ta ni àwọn tó mọ iṣẹ́ náà fún un. Ẹ wá ronú ilé ọtí kan tí èrò kì í pọ̀ níbẹ̀ láti ọjọ́ Ajé sí Ọjọ́bọ̀. Ẹni tó mu nínú àgbá yẹn lọ́jọ́ kìíní àti ẹni tó mu nínú rẹ̀ lọ́jọ́ kẹfà kò ní rí ọ̀rọ̀ kan náà sọ, bẹ́ẹ̀ àgbá kan ni, ọwọ́ kan ló pọn ọ́n. Èyí kò yẹ kó ṣòro fún ọmọ Yorùbá láti gbà. Ẹmu tí wọ́n gbé sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀pẹ ní ìdájí ń dùn. Nígbà tó bá fi di ìrọ̀lẹ́, ó ti kan. Àgbà ọ̀mu tó bá tọ́ ọ wò ní ìrọ̀lẹ́, ìgbà tí wọ́n dá a ni yóò kọ́kọ́ béèrè, kó tó gbé orúkọ adẹ́mu sẹ́nu. Kí ló dé tí a wá sọ ọgbọ́n yẹn nù nígbà tí a wọ ọkọ̀ òfúrufú?

Ẹ jẹ́ kí á dé oko wàyí, nítorí ibẹ̀ ni àwọn tó ń fi ẹ̀sùn kàn ti ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí kò pọn ọtí rí. Họ́ọ̀pù àti ọkà báálì jẹ́ ohun ọ̀gbìn; òjò ń pa wọ́n, ọ̀dá ń dá wọn. Ní 2022, ooru àti ọ̀dá jà ní Yúróòpù, họ́ọ̀pù tí ilẹ̀ Jámánì kórè já wálẹ̀ sí nǹkan bíi 34,000 tọ́ọ̀nù, bẹ́ẹ̀ ti 2021 fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 48,000. Kì í ṣe pé ó dín nìkan, ìkorò inú ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ tún lọ sílẹ̀. Ẹ wo ara àpò họ́ọ̀pù tí ẹ rà: nọ́ńbà àsíìdì alpha, èròjà ìkorò náà, tí wọ́n kọ síbẹ̀ lọ́dún yìí kì í ṣe ti èṣí. Apọntí tó mọ ohun tó ń ṣe ní láti tún ìwọ̀n rẹ̀ wọ̀n lọ́dọọdún, kó fi kún un lọ́dún tí ìkorò bá dín, kó yọ kúrò nínú rẹ̀ lọ́dún tó bá pọ̀. Bí ó bá tẹ̀ lé ìwé ìpọntí 1990 láìyẹ gíráàmù kan, ọtí mìíràn ni yóò bọ́ sí i lọ́wọ́. Ìyípadà tí ẹ ń torí rẹ̀ bú u gan-an ló fi ń mú ọtí náà dúró sí ojú kan. Àti pé kò lè mú un dúró tán: ó lè ṣírò ìkorò títí yóò fi bára mu, àmọ́ òróró tó ń gbé òórùn họ́ọ̀pù kì í tẹ̀ lé ìṣirò yẹn. Nítorí náà, ìyàtọ̀ lè wà lóòótọ́ láàárín ọtí ọdún méjì, kí ọwọ́ ẹnikẹ́ni má sì dọ̀tí.

Láti 1963 ni ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti gbà kí èèyàn máa pọn bíà nílé láìgba ìwé àṣẹ. Nínú gbogbo àwa tí à ń jẹ àǹfààní yẹn, ta ló ti pọn ọtí kan náà lẹ́ẹ̀méjì tí wọ́n fi jọra bí ìbejì? Kí onítọ̀hún dìde, ká rí i.

Ahọ́n tí ẹ sì fi ń ṣe adájọ́, òun náà kò dúró sójú kan. Nígbà tí Summer Lightning kọ́kọ́ jáde, ọtí tó ní òórùn òdòdó díẹ̀ jẹ́ ìyanu. Lẹ́yìn náà ni họ́ọ̀pù Amẹ́ríkà ya dé. Láti bíi 2008 ni Citra, tó ń ta sánsán bí èso, ti wọ ọjà, tí àwọn apọntí sì ń da á sínú ọtí bí ẹni pé owó kọ́ ni wọ́n fi rà á. Ẹni tó bá ti ń mu irú ìyẹn láti ọdún mẹ́wàá, tó wá padà sí golden ale tí wọ́n fi họ́ọ̀pù Goldings ti Kent pọn, omi ni yóò pè é. Ọtí yẹn kò kúrò níbi tó wà. Ẹ̀yin lẹ jáde lọ. Ọjọ́ orí tún wà níbẹ̀, torí bí a ṣe ń dàgbà ni imú ń kú díẹ̀díẹ̀. Àrùn kòrónà sì gba òórùn mọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́wọ́ láti 2020, àwọn mìíràn kò tíì gbà á padà tán. Inú máa ń bí àwọn ẹ̀gbọ́n wa bí a bá sọ èyí. Kí á sọ pé olówó kan ló jí i kó ló dùn mọ́ wọn jù.

Nípa omi tí wọ́n fi ń bú àwọn ilé ìpọntí, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí kò ní dùn mọ́ ìhà méjèèjì. Òótọ́ ni pé ọ̀pọ̀ ilé ìpọntí ńlá ń fi omi kún ọtí. Wọ́n á pọn ọ́n ní líle, kí ìkòkò kan lè mú ọtí púpọ̀ jáde, wọ́n á wá fi omi tí wọ́n ti yọ afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ dín líle náà kù kí wọ́n tó rọ ọ́ sí ìgò. Ìṣirò ni, kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí kí omi náà ti wà nínú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìdá tó lé ní 90 nínú ọgọ́rùn-ún bíà sáà ni omi tẹ́lẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ sì ń pariwo, kí lẹ ń ṣe nígbà tí ẹ bá ṣí agolo oje ọkà tí wọ́n ń tà fún apọntí ilé? Ẹ da á sínú ike, ẹ da omi gbígbóná lé e, ẹ wá fi omi ẹ̀rọ kún un dé ojú ìlà 23 lítà.

Àwọn tó yí ọtí padà lóòótọ́ wà, mo ti ṣèlérí pé n ó dárúkọ. Old Speckled Hen inú àgbá wá sílẹ̀ láti 5.2% sí 4.5% ní 2006, lẹ́yìn tí Greene King ti ra Morland tó ń pọn ọ́n. Stella Artois tí wọ́n ń tà ní Gẹ̀ẹ́sì di 4.8% ní 2012. Ìdí kò farasin: agbára ọtí ni wọ́n ń gba owó orí lé. Ní oṣù Kẹjọ 2023, bíà tó wà nísàlẹ̀ 3.5% bẹ̀rẹ̀ sí í san nǹkan bíi pọ́n-ùn mẹ́sàn-án lórí lítà ọtí líle kọ̀ọ̀kan inú rẹ̀, èyí tó tó 3.5% sì ń san mọ́kànlélógún nígbà náà. Ẹni tó bá ní ìfẹ́ owó kò ní fọwọ́ lẹ́rán. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí a ṣe mọ̀: nọ́ńbà wà lára ìgò, òfin ló ní kí wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀, ẹnikẹ́ni tó bá ní ojú lè kà á. Kì í ṣe ahọ́n ẹnikẹ́ni ló tú àṣírí.

Àwọn alátakò mi á wá mú Boddingtons jáde. Wọn kì í gbàgbé ẹ. Ọtí Manchester ni, ó ti pọ́n bíi koríko gbígbẹ kí ẹnikẹ́ni tó máa sọ̀rọ̀ golden ale, àwọn àgbà sì ń rántí ìkorò rẹ̀ títí di òní. Whitbread rà á ní 1989, ó bọ́ sọ́wọ́ Interbrew ní 2000, wọ́n sì ti ilé ìpọntí Strangeways pa ní 2005. Ẹ bi àwọn tó mu ún nígbà náà pé ọjọ́ wo ló kú. Àwọn kan á ní 1989 ni. Àwọn mìíràn á búra pé ìkorò ti lọ ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀wádún yẹn, kí Whitbread tó fẹsẹ̀ kan ibẹ̀. Àwọn tó kù á ní ó dára títí wọ́n fi ti ilẹ̀kùn Strangeways. Gbogbo wọn ló mu ún, gbogbo wọn ló dá wọn lójú, wọn kò sì lè jọ tọ̀nà. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti yí i. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀, ìwé ìpọntí ni kó lọ kà, torí ilé ìpọntí máa ń kọ ìwọ̀n họ́ọ̀pù tí wọ́n lò sílẹ̀ fún ìkòkò kọ̀ọ̀kan. Ẹ yéé fi ìrántí jà nígbà tí ìwé wà.

Ìpàdé ẹgbẹ́ tí ẹ bá tún ní, ẹ ra ìgò mẹ́ta golden ale kan náà, kí ọjọ́ ara wọn bára mu, kí ìgò wọn mọ́ gaara. Ẹ fi ọ̀kan sínú fíríìjì. Ẹ fi ọ̀kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ amúlégbóná fún oṣù méjì. Èyí tó kù, ẹ tọ́jú òun náà sínú fíríìjì, kó wá lo wákàtí kan lójú fèrèsé tí oòrùn ń ràn sí lọ́jọ́ ìpàdé. Ẹ rọ wọ́n sínú ife mẹ́ta tí kò sí àmì lára wọn, kí ẹ sì bi ẹni tí ohùn rẹ̀ ga jù láàárín yín pé èwo ni ilé ìpọntí bomi là nínú wọn.